Ìgbátí Ọlọ́dún Méjìlélọ́gbọ̀n

Bánkẹ́ Ọmọ́ṣẹ̀yìndé kì í ṣe awakọ̀ èrò. Bí ẹnikẹ́ni bá pè é bẹ́ẹ̀, á rọra tún un ṣe fún onítọ̀hún: àlejò lòun ń gbé. Á lọ pàdé wọn ní pápákọ̀ òfurufú, á gbé wọn dé òtẹ́ẹ̀lì, bí wọ́n bá sì fẹ́ rí ìlú, wọ́n á háyà òun àti Sienna rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni, ilé rẹ̀ wà ní Òkòta, lẹ́yìn Àgọ́ Palace. Lórí Wọ́sáàpù rẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ni awakọ̀ obìnrin tó bẹ̀rù Ọlọ́run. Kì í ṣe pé ó bẹ̀rù Ọlọ́run ju àwọn yòókù lọ. Ó kàn ti ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun kì í béèrè bóyá búrèkì ọkọ̀ ń mú. Bóyá awakọ̀ ń gbàdúrà ni wọ́n máa ń béèrè.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kọkànlá, ó lọ pàdé Ìyá Tamílọ́rẹ. Tamílọ́rẹ, ọmọ rẹ̀, ló ṣètò gbogbo nǹkan láti Kánádà. Ó ní màmá òun ti pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, orúnkún ń dùn ún, kò lè dúró pẹ́, kí Àǹtí Bánkẹ́ jọ̀ọ́ bá òun fọwọ́ pẹ̀lẹ́ mú un. Bánkẹ́ bá kó ìrọ̀rí méjì sọ́kọ̀.

Lóòótọ́, orí àga onítáyà tí wọ́n fi ń ti aláìsàn ni wọ́n fi Màmá sí jáde. Ọkùnrin tó ń tì í ń làágùn, Màmá sì gbé báàgì lé itan bí ọba tó gun orí ìtẹ́. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, Màmá dìde, ó na ara, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ju àpótí kan tó wúwo bí ọlọ sẹ́yìn ọkọ̀. Obìnrin kan tó ń dúró de èèyàn rẹ̀ nítòsí rí i, ó kúnlẹ̀, ó ní Jésù ti tún ṣe é. Àwọn mẹ́ta mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Màmá juwọ́ sí wọn kó tó wọlé sọ́kọ̀.

Ó sọ fún Bánkẹ́ lójú ọ̀nà pé kò sí nǹkan kan tó ṣe orúnkún òun. Ìlà àwọn tó ń yẹ ìwé wò lòun kò lè tò. Bí èèyàn bá ti lè jókòó sórí àga yẹn, iwájú pátápátá ni wọ́n ń gbé e lọ.

Ibẹ̀ ni Bánkẹ́ ti fura pé ọ̀rọ̀ ọmọ àti ọ̀rọ̀ ìyá kì í ṣe ọ̀kan náà. Ó gbé e sọ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Àpákún, wọ́n sì fi àdéhùn sí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Sátidé.

Ètò tí Tamílọ́rẹ tẹ̀ ránṣẹ́ fún Sátidé náà gùn gbọọrọ. Wọ́n á kọ́kọ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣàfihàn àwòrán ní Ìkòyí, wọ́n á kọjá sí mùsíọ́ọ̀mù ní Oníkàn, wọ́n á jẹun ọ̀sán níbì kan tí wọ́n ti ń fi òdòdó lé orí ẹja, wọ́n á wá fi etí òkun ní Lẹ́kí kádìí ẹ̀. Níbi kọ̀ọ̀kan, kí Àǹtí Bánkẹ́ ya fọ́tò Màmá, kó fi ránṣẹ́.

Kó tó di aago mẹ́sàn-án, Màmá ti wà níta. Bánkẹ́ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún un, Màmá ní òun kì í ṣe ẹrù, ó sì lọ jókòó síwájú. Ó wọ léèsì aláwọ̀ ewé, ó kun ètè. Bí wọ́n ṣe ń jáde ní ọgbà, ó ń bọ́ òrùka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kó wọn sínú pọ́ọ̀sì. Bánkẹ́ rò pé ọwọ́ ló wú u.

Màmá ní kó gbàgbé Ìkòyí, pé Ẹ́sítéètì Jakande ní Ìsọlọ̀ lòun ń lọ. Bánkẹ́ fi sùúrù ṣàlàyé pé Àǹtí Tamílọ́rẹ ló gba ọkọ̀, bí ètò bá sì máa yí padà, ó yẹ kí àwọn sọ fún un.

"Ta ló jókòó sínú ọkọ̀, èmi àbí Tamílọ́rẹ?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Obìnrin kan wà ní Jakande tí mo fẹ́ lọ gbá létí. Tí mo bá ti gbá a tán, o lè gbé mi lọ wo gbogbo ère tó wà l'Ékòó."

Bánkẹ́ wa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó dúró. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ó ti gbé ìyàwó tó ń sá lọ, ó ti gbé òkú ajá, ó ti gbé pásítọ̀ kan lọ sílé ìyàwó méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì háyà rẹ̀ lọ gbá èèyàn létí rí. Ó sọ fún Màmá pé ọkọ̀ òun kì í gbé ìjà.

Ni Màmá bá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ọdún mẹ́jọ lòun àti ọkọ òun, Ọláníyan, fi gbé ní Jakande. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Ọláníyan, ó mọ aṣọ wọ̀, ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ ju bó ṣe mọ iṣẹ́ ṣe lọ. Màmá wá gba ọmọbìnrin Ìwó kan sílé, ọmọ tó wáṣẹ́ wá sí Èkó tí kò ní ibi tó máa sùn. Ọdún méjì ni ọmọ náà fi jẹun nínú ìkòkò rẹ̀. Lọ́dún 1993, ibi iṣẹ́ rán Màmá lọ gba ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tó fi máa dé, wọ́n ti di ẹrù rẹ̀ sínú àpò gaàrí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọ Ìwó ti lóyún, Ọláníyan ọmọ díákónì sì ti di Alhaji láìfojú kan Mẹ́kà. Màmá mú Tamílọ́rẹ, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà, ó kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti dèrò Kánádà. Kò jà. Wọ́n ti kọ́ ọ pé ọmọlúàbí kì í jà ní gbangba. Ó ní ohun tó ń dun òun títí di òní nìyẹn, kì í ṣe ọkọ. Ọwọ́ tí òun kò gbé sókè lọ́jọ́ yẹn ti ń yún òun fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n.

Ó yẹ kí Bánkẹ́ yí ọkọ̀ padà. Ṣùgbọ́n ká má purọ́, ó fẹ́ wòran. Ó ní òun á gbé Màmá débẹ̀, àmọ́ ìgbátí kan ṣoṣo ni, kò gbọdọ̀ di méjì. Màmá ní ẹyọ kan tó òun.

Wọn ò tíì kọjá Òṣòdì tí Tamílọ́rẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè fọ́tò. Màmá ní kí Bánkẹ́ sọ fún un pé etí òkun làwọn kọ́kọ́ lọ. Bánkẹ́ ronú díẹ̀, ó wá rántí Adéyínká, onífọ́tò kan ní Àgọ́ Palace, tó ta aṣọ fífẹ̀ kan sí ara ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Òkun ni wọ́n yà sí i, omi rẹ̀ búlúù, ó mọ́ lóló, igi àgbọn mẹ́ta wà létí ẹ̀, ọkọ̀ ojú omi funfun kan sì wà lọ́ọ̀ọ́kán. Wọ́n yà síbẹ̀. Màmá bọ́ bàtà, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí. Adéyínká gbé fáànù sí i kí ìborùn rẹ̀ lè máa fẹ́. Nígbà tí Bánkẹ́ fi fọ́tò náà ránṣẹ́, Tamílọ́rẹ fèsì pé òkun Lẹ́kí mà mọ́ o. Bánkẹ́ kò rí òkun Lẹ́kí kó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Ayálégbé àtijọ́ kan ló ti sọ fún Màmá pé búlọ́ọ̀kù àtijọ́ náà ni wọ́n ṣì ń gbé. Wọn ò wá a pẹ́. Màmá gun àtẹ̀gùn dé àjà kejì láìsinmi, ó dúró níwájú ilẹ̀kùn onírin kan, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó sì kanlẹ̀kùn. Bánkẹ́ dúró sẹ́yìn rẹ̀.

Fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, obìnrin tó sanra, tó kó wúrà sọ́rùn, ni Màmá ti ń gbá létí nínú ọkàn rẹ̀. Ẹni tó ṣílẹ̀kùn kò jọ bẹ́ẹ̀ rárá. Ó rù, ó ro ìró mọ́ àyà, ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí oorun ti kọ̀ sílẹ̀, ó sì mú páḿpásì àgbàlagbà kan dání. Ìyá Alameen ni wọ́n ń pè é nínú ẹ́sítéètì náà. Ó wo Màmá láti orí dé ẹsẹ̀. Kò sá.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "ẹ mà pẹ́. Láti ìgbà tí Alameen ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi ni mo ti ń retí yín."

Màmá gbé ọwọ́ sókè. Àfi bí bàbá kan ṣe yọ láti inú yàrá. Ó wọ kóòtù, ó de táì, ó fi ìpara sí irun tó kù lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò wọ ṣòkòtò. Ó kọjá lára ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó kọjá lára àga, ó sì tẹrí ba fún Màmá.

"Arẹwà," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ọ̀nà ilé mi. Láti ìgbà tí mo ti rí yín ni mo ti ṣìnà."

Ọwọ́ Màmá há sí afẹ́fẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an, bó ṣe wà yẹn, ni Ọláníyan sọ fún un ní ibùdókọ̀ Òṣòdì lọ́dún 1984, tó fi gbà fún un. Ó sọ bẹ́ẹ̀ jáde. Ìyá Alameen ní ọ̀rọ̀ yẹn náà ló sọ fún òun, ní ilé ìdáná tó wà lẹ́yìn àwọn yìí, pé inú ilé ara rẹ̀ ló dúró sí tó ń sọ pé òun kò mọ̀nà ilé mọ́. Kí wọ́n tó sọ ọ́ tán, bàbá ti kọjú sí Bánkẹ́, ó tẹrí ba, ó sì tún un sọ láìyọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ìyá Alameen ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Màmá kò fẹ́ rín, ó fún ẹnu pọ̀, imú rẹ̀ ló kọ́kọ́ tú u fó. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi fara ti ògiri.

Nígbà tí ẹ̀rín lọ, Màmá nu ojú rẹ̀, ó ní òun kò mà tíì gbá a létí o. Ìyá Alameen ní òun mọ̀. Ó gbé páḿpásì sílẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ kan lòun fẹ́ bẹ̀ ẹ́ kó tó gbá òun. Láti ìgbà ààwẹ̀ ni òun kò ti sùn dáadáa. Bàbá máa ń dìde ní gbogbo ìgbà pé òun ń lọ síbi iṣẹ́. Alameen ń ṣiṣẹ́ ní Kánò, ó ń pè, kì í wá. Obìnrin mẹ́rin tí àwọn gbà láti máa tọ́jú bàbá ló ti sá lọ, torí pé kì í yé dẹnu kọ wọ́n.

"Ẹ gbá mi," ló wí. "Tí ẹ bá ti gbá mi tán, ẹ bá mi mú un fún wákàtí méjì péré, kí n lọ sùn."

Màmá gbá a. Ká sọ tòótọ́, ìgbátí náà kò dára. Ó ti dàgbà sínú rẹ̀ jù. Èjìká Màmá ló ró, òun fúnra rẹ̀ ló sì ké "yéè" kí ẹni tó gbá tó mọ̀ pé nǹkan kan bà á. Ìyá Alameen fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó béèrè bóyá ó ti parí. Màmá ní ó ti parí. Ìyá Alameen dúpẹ́, ó wọ yàrá, ó sì sùn kí bàtà tó bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Bánkẹ́ ló wọ ṣòkòtò fún bàbá, torí Màmá ní òun kò bá wọn dé ìdí ọ̀rọ̀ yẹn mọ́. Wọ́n jókòó tì í. Kò jókòó tì wọ́n. Ó ń lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bọ̀, ó ní dírẹ́bà ń dúró de òun nísàlẹ̀, òun ti pẹ́ lẹ́yìn. Nígbà tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹwàá, Bánkẹ́ rò ó pé bàbá yìí kò kúkú purọ́. Dírẹ́bà ń dúró lóòótọ́, títí di ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sì gbà á. Bí Ìyá Alameen ṣe jí, Bánkẹ́ ní kí gbogbo àwọn jọ lọ sí etí òkun.

Ìyá Alameen ní kò ṣeé ṣe. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí òun ti jáde ní ẹ́sítéètì gbẹ̀yìn, bí òun bá mú bàbá dání, á bọ́ sọnù. Bánkẹ́ fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn Sienna hàn án, pé bí òun bá ti tì í, kò ṣeé ṣí láti inú. Torí ọmọ àwọn àlejò ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀. Màmá ní kó lọ múra, kó yé fi àsìkò ṣòfò.

Wọ́n gba Òṣòdì, wọ́n gun afárá Third Mainland. Bàbá kò dá ẹnu dúró. Ó ń ka orúkọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti wó, ó ń kí àwọn ọ̀gá tó ti kú, ó bá Bánkẹ́ wí pé eré rẹ̀ pọ̀jù fún ọkọ̀ ìjọba. Bánkẹ́ ní kó má bínú, sà.

Òkun Lẹ́kí dúdú bí omi ìfọṣọ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ra ẹja yíyan tí kò ní òdòdó lórí, wọ́n jókòó sórí àga rọ́bà. Bánkẹ́ di bàbá lápá mú, ó ń bá a rìn lọ, ó ń bá a rìn bọ̀, ṣùgbọ́n kò jìnnà débi tí kò fi ní gbọ́ ohun tí àwọn ìyá méjèèjì ń sọ.

Màmá béèrè lọ́wọ́ Ìyá Alameen bóyá ó gbádùn ọkùnrin náà. Ó ní òun gbádùn ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, lẹ́yìn ìyẹn ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìnà lọ sílé àwọn ẹlòmíràn. Ó gé ẹja, ó jẹ ẹ́ tán kó tó tún sọ̀rọ̀.

"Mo ṣẹ̀ yín, ẹ̀gbọ́n. Mo ti tó ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nígbà yẹn, mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Mi ò ní tì í sí èṣù lọ́rùn."

Màmá yọ egungun kúrò lára ẹja tó kù, ó sì tì í sí iwájú Ìyá Alameen.

Ìgbà yẹn ni Tamílọ́rẹ pe Bánkẹ́, ó fẹ́ rí Màmá lójúkojú lórí fóònù. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni ohun tó ṣe òkun, tí àwọ̀ rẹ̀ fi yàtọ̀ sí ti àárọ̀. Bánkẹ́ ṣì ń wá irọ́ tó máa bá a mu nígbà tí bàbá yọ orí sí ojú fóònù, ó ní ẹ káàsán o.

Tamílọ́rẹ sún mọ́ fóònù. Iwájú orí tó yọ gọngọ, àlàfo eyín, bí ojú ọ̀tún ṣe kéré díẹ̀ sí ti òsì: gbogbo rẹ̀ wà lójú bàbá, gbogbo rẹ̀ wà lójú Tamílọ́rẹ. Ẹni tó ń ta àgbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn náà rí i.

"Ta nìyẹn?"

Màmá gba fóònù. Ohun tó ti ń sọ fún ọmọ rẹ̀ láti kékeré ni pé bàbá rẹ̀ kú sínú jàǹbá ọkọ̀ lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Lọ́dọọdún ni Tamílọ́rẹ máa ń gbé òdòdó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ìrántí rẹ̀.

"Bàbá ẹ ni," ni Màmá wí.

"Ẹ sọ fún mi pé ó ti kú."

"Èmi ni mo pa á. Ó rọrùn láti sọ ìyẹn fún ọmọ ọdún mẹ́rin, ju kí n sọ fún un pé bàbá rẹ̀ wà ní Ìsọlọ̀, kò sì wá wò ó."

Bàbá béèrè orúkọ ọmọ tó wà nínú fóònù. Ìyá Alameen ló dá a lóhùn pé Tamílọ́rẹ ni.

"Mo ní ọmọ kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀," ni bàbá wí. "Kì í jẹ ẹyin."

Ó yí padà, ó tẹ̀ lé ọkùnrin kan tó ń fa ẹṣin lọ, Bánkẹ́ sì sáré tẹ̀ lé e. Títí di òní, Tamílọ́rẹ kì í jẹ ẹyin. Nígbà tí Bánkẹ́ padà dé, fóònù ti kú, Màmá sì tẹjú mọ́ ọn lórí itan rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń padà, bàbá nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe kù díẹ̀ kí wọ́n dé Òṣòdì, Màmá ní kí Bánkẹ́ gba Àpákún, kí àwọn lọ gbé àpótí òun. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kó padà sí Kánádà, Jakande ló máa lò ó sí. Ó ní kì í ṣe torí ọkùnrin yẹn o, obìnrin yẹn ni kò tíì sùn tó. Bánkẹ́ fẹ́ bá a gbé àpótí náà gun àtẹ̀gùn, Màmá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, Ìyá Alameen sì di apá kejì mú.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Tamílọ́rẹ kọ ọ̀rọ̀ gígùn kan ránṣẹ́ sí Bánkẹ́. Ó ní Bánkẹ́ purọ́ fún òun, ó fi aṣọ ara ògiri hàn òun pé òkun ni, òun á sì kọ ọ́ síbi tí gbogbo ayé á ti kà á. Kò fi ṣeré. Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ló fún un, ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé awakọ̀ náà mọ ọ̀nà, ṣùgbọ́n kì í lọ síbi tí wọ́n bá rán an. Bánkẹ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò rí ibi tó ti lè bá a jiyàn.

Nírọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ mìíràn tún wọlé láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, kúkúrú ni. Ó ń béèrè aago mélòó ni bàbá òun máa ń jí. Bánkẹ́ kò mọ̀. Ó fi nọ́ńbà Ìyá Alameen ránṣẹ́ sí i, ó sì jáde lọ gbá iyanrìn kúrò nínú ọkọ̀.